Ìjókòó Alápá Tí A Fi Agbádá Yàn

                                        Ilé Kẹrìnlá, Òpópónà Ìrẹ̀pọ̀,
                                        Lakowe, Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹfà, ọdún 2025.

Fèyíkẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú òjò, mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọkọ rẹ ńkọ́? Olúwaṣemílóore ọmọ-ọmọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹun dáadáa báyìí? Orúnkún rẹ tó ń dùn ọ́ nígbà tí a sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn ńkọ́? Mo ti sọ fún ọ pé kí o yé gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì yín lọ sókè láti lọ kọrin. Ọlọ́run ń gbọ́ ohùn àwọn tó wà nísàlẹ̀ náà.

Ara tèmi le, a dúpẹ́. Ara Alájì ọkọ mi ti ń yá, ṣùgbọ́n inú wọn kò tíì yá, òun gan-an ló jẹ́ kí n mú bírò. Mo mọ̀ pé o ti gbọ́ lẹ́nu Mùínàt ọmọ mi pé bàbá rẹ̀ ṣubú. Ó dá mi lójú pé kò sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún ọ, torí òun náà kò mọ̀ ju ìdajì rẹ̀ lọ.

O rántí katakata kékeré tí Alájì fi ń gé koríko? Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Àpápá, tí a kó wá sí Lakowe, mo rò pé inú ilé ni wọn yóò jókòó sí, tí wọn yóò máa bá mi jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀. Katakata yẹn ló gbà mí. Láràárọ̀ Sátidé, wọ́n á gé koríko wa, wọ́n á gé ti iwájú mọ́sálásí, wọ́n á tún gé etí títì títí dé ibi tí àwọn tó ń kọ́lé kó yanrìn sí. Àwọn awakọ̀ á máa kí wọn ní 'Alájì Ọlọ́kọ̀', Alájì náà á gbé ọwọ́ kan sókè bí ẹni tó ń mú ọkọ̀ wọ èbúté. Fèyíkẹ́, ọkùnrin tó ti fẹ̀yìn tì nílò ohun kan tí yóò máa gbọ́ràn sí i lẹ́nu, èmi kò sì lè jẹ́ ohun náà.

Ṣùgbọ́n ìjókòó katakata ọ̀hún ya, irin rẹ̀ ń gún wọn nídìí, ẹ̀yìn wá bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n. Dókítà ní bí wọ́n bá máa gùn ún síwájú sí i, àfi kí wọ́n wá ìjókòó tó gbé ẹ̀yìn ró, tó sì ní ibi tí apá yóò sinmi lé. Mùínàt kò fi ṣeré rárá. Ó ní, "Dádì, ẹ wá ìjókòó alápá tó bá yín mu, àbí kí n wá ẹni tó máa ra katakata yìí. Ẹ̀yìn kan ṣoṣo lẹ ní." Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn: bí ìjókòó bá bá wọn mu, katakata dúró, bí kò bá bá wọn mu, katakata ń lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni a lọ sí Ajah, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tòkunbọ̀. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti wọlé, nítorí láti mọ́sálásí ni a gbà lọ. Alájì wọ agbádá gíní funfun tí wọ́n fi sítáàṣì sí, irú èyí tó jẹ́ pé bí o bá bọ́ ọ sílẹ̀, ó lè dá dúró kó sì kírun. Ràṣídì tó ni ìsọ̀ náà gbé ìjókòó méjì síta fún wa. Èkíní kò tóbi, ẹ̀yìn rẹ̀ ga, apá rẹ̀ méjèèjì sì ṣeé ká sókè bí èèyàn bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Èkejì, ara ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń gbẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti tú u. Ó fẹ̀ bí àga àlejò pàtàkì, apá rẹ̀ nípọn bí ìrọ̀rí. Alájì jókòó sórí èyí tó kéré. Agbádá há mọ́ wọn lọ́tùn-ún lósì, ó wú sókè dé àgbọ̀n.

Wọ́n ní, "Èyí ń fún mi."

Mo ní, "Agbádá ló ń fún, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ bọ́ ọ, kí ẹ tún jókòó."

Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo ní kí wọ́n wẹ̀ láàárín ọjà. "Sìmbíátù, kí n bọ́ agbádá ní gbangba Ajah? Lọ́jọ́ Jímọ̀?"

Ràṣídì ti mọ ibi tí ọjà rẹ̀ ń lọ. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo èyí tó yẹ wọ́n. Kékeré yẹn, àwọn ọmọ iṣẹ́ ló ń rà á." Ó nu èkejì. Alájì gbára lé e, agbádá tẹ́ rẹrẹ, ọwọ́ méjèèjì balẹ̀ sórí apá àga. Àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn ní Kábíyèsí. Ojú mi báyìí ni ọkọ mi ṣe yan ìjókòó fún agbádá wọn, tí wọ́n gbàgbé ìdí wọn.

A ṣì lè dá a padà o, torí Ràṣídì ní bí kò bá bá wa mu, ká gbé e wá, òun yóò fi èyí tó kéré rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ wá. Bí wẹ́dà ṣe jó o mọ́ katakata tán ni Alájì ránṣẹ́ pe Alfa kó wá ṣe àdúà sí i. Ọ̀gbẹ́ni Akínwùmí, alága àdúgbò wa, ẹni tí kì í rí èèyàn mẹ́ta kó má bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń wá ìbò, dìde, ó ní ọjọ́ mánigbàgbé ni ọjọ́ náà nínú ìdàgbàsókè òpópónà wa. Mo pín mọ́ínmọ́ín. Wọ́n ní Alájì yóò lò ó gbó, gbogbo wa ṣe àmín. Ta ni yóò wá gbé ohun tí a ti ṣe àmín sí padà lọ fún ẹni tó tà á?

Lọ́jọ́ kejì, Alájì jáde pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò péńpé, aṣọ tí wọ́n ti fi ń gé koríko láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n gorí ìjókòó. Fèyíkẹ́, ńṣe ni mo ń wá ọkọ mi. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé apá lé apá àga, àfi kí wọ́n na ọwọ́ méjèèjì bí igún tó ń yá oòrùn. Bí katakata bá yà sọ́tùn-ún, wọ́n á yọ̀ lọ bá apá òsì. Bó bá yà sósì, wọ́n á tún yọ̀ padà.

O mọ ẹnu mi. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, "Alájì, ẹni tó ni àga yẹn dà? Ẹ tètè dìde fún un kó tó dé." Ọ̀gbẹ́ni Akínwùmí tó ń yọjú lórí fẹ́ńsì rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi já bọ́ sọ́dọ̀ wa. Àwọn lébìrà tó ń ru búlọ́ọ̀kù ní òdìkejì gbọ́, wọ́n bá wa rẹ́rìn-ín. Alájì náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n wọlé. Wọn kò fọwọ́ kan mọ́ínmọ́ín tó ṣẹ́kù.

Nígbà tó yá, mo ní ká fi tìmùtìmù dí ẹ̀gbẹ́ àga náà, wọ́n ní àwọn kì í ṣe abiyamọ. Mo ní ká dá a padà sí Ajah, ká gba èyí tó kéré. Wọ́n ní, "Kí Akínwùmí lè rí ohun tí yóò sọ nípàdé? O ti rẹ́rìn-ín tán, Ìyá Mùínàt. Jẹ́ kí n jókòó."

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo wà ní kíṣìnì nígbà tí mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Mo yọjú, mo rí Alájì lórí katakata nínú agbádá gíní. Wọn kò sì yọ̀ mọ́. Aṣọ kún inú àga dẹ́múdẹ́mú, apá wọn sinmi, ẹ̀yìn wọn nà. Wọ́n gé iwájú ilé láìsí àbùkù kankan. Àwọn lébìrà ọjọ́sí kò rẹ́rìn-ín, wọ́n kí wọn ní Alájì Ọlọ́kọ̀, ọwọ́ Alájì sì lọ sókè. Inú mi dùn, mi ò ní parọ́ fún ọ. Mo ní bóyá ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

Ìgbà tí wọ́n fẹ́ yà lẹ́bàá gọ́tà etí títì ni agbádá bọ́ léjìká òsì, ó kọ́ ọ̀pá jíà. Wọ́n fà á, kò wá. Wọ́n fẹ́ na ẹsẹ̀ sí bíréèkì, aṣọ ti lọ́ mọ́ apá àga, ó dì wọ́n mọ́bẹ̀ bí ẹrù. Katakata kò sáré rárá. Ó rọra wọ gọ́tà lọ bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Àwọn lébìrà ló fi ọ̀bẹ gé agbádá kí wọ́n tó rí wọn fà jáde. Ọrùn ọwọ́ Alájì ti ṣẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ ni pé, "Ẹ má jẹ́ kí Mùínàt gbọ́."

Mùínàt gbọ́. Ó dé, kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní, "Dádì, a ti jọ sọ ọ́." Alájì kò jiyàn. Ọkùnrin tó máa ń bá mi jiyàn lórí ibi tí òjò ti ń bọ̀, kò jiyàn.

Ọ̀rẹ́ mi, o mọ iye ọdún tí èmi àti ìwọ fi ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì wa pé kí wọ́n má fi ẹni tó ṣi ìṣirò ṣe yẹ̀yẹ́, torí ẹni tí a bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ kì í tún un ṣe mọ́, ńṣe ni yóò máa wá bí yóò ṣe dúró ti àṣìṣe rẹ̀. Mo mọ ìyẹn fún ọmọ ọdún mẹ́jọ, mi ò mọ̀ ọ́n fún arúgbó inú ilé mi. Ká ní mo fi ẹ̀rín yẹn sínú títí di ọjọ́ Ajé, à bá ti rọra dá àga náà padà, àmín ò ní bá wa ṣẹjọ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Tèmi yọ agbádá nínú àpótí. Báyìí, àwọn agékoríko ló ń gbé ẹ̀rọ kọ́ èjìká wá. Bí wọ́n bá ti dé, Alájì á wọ yàrá, wọ́n á ti fèrèsé.

Mi ò tíì sọ bí katakata ṣe kúrò nílé fún ọ. Eleko ni ẹni tó rà á ti wá, ó ní ilé ìtura kékeré kan létí òkun níbẹ̀. Dúró ni orúkọ rẹ̀, ọkùnrin gíga, ó sì sanra dáadáa. Ó yẹ ẹ́ńjìnnì wò, ó yẹ táyà wò. Ó wá gorí ìjókòó. Fèyíkẹ́, ó bá a mu bí ẹni pé ìdí rẹ̀ ni wọ́n wọ̀n kí wọ́n tó rán an. Ó gbé apá lé apá àga, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Màmá, ìjókòó yìí gan-an ni mo rà. Ọlọ́run á bù kún ẹni tó yàn án." Ó fúnra rẹ̀ wà á gun orí ọkọ̀ akẹ́rù tó dúró níta.

Mo gbójú sókè, mo rí Alájì lójú fèrèsé, báńdéèjì gbé ọwọ́ wọn kọ́ ọrùn. Wọ́n dúró wò ó títí ọkọ̀ fi yà sí títì. Nígbà tí mo wọlé bá wọn, èmi tí ẹnu mi kì í sinmi, mo dúró tì wọ́n lójú fèrèsé. Àwọn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ó mọ̀ ọ́n jókòó." Ìyẹn nìkan ni wọ́n sọ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì bá mi fẹnu ko Olúwaṣemílóore lẹ́nu. Mùínàt ní kí n kí ọ. Bí o bá wá sí Èkó fún ìpàdé àwa olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, jọ̀wọ́ yà sọ́dọ̀ wa. Bí o bá rí i pé koríko etí ògiri wa ga, má ṣe sọ ọ́. Bi Alájì nípa ọkọ̀ ojú omi. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn wọn.

Tìrẹ náà ni mí, ní tòjò tẹ̀ẹ̀rùn,

Sìmbíátù.