Eegun Mi Kì Í Ṣe Ẹyin

Ẹdẹ, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀

Ọlọ́run tóbi! Mo rí eegun ara mi lójú ẹ̀rọ ayàwòrán nílé ìwòsàn lónìí, ó funfun bí òwú.

Ẹ̀yà ìbímọ mi tí Ọlọ́run dá lọ́tọ̀ kì í pèsè họ́mónù tó ń mú eegun le. Ṣùgbọ́n Dókítà ní eegun ọ̀hún ṣì ń dàgbà. Èmi rò pé bí igi gbígbẹ ló rí!

Màámi, tí wọn ò jẹ́ kí n ru omi mọ́, bèèrè pé, "Ṣé kò ní kán tó bá ru omi?"

Dókítà dáhùn pé, "Ẹ jẹ́ kó máa rù ú, Mà. Oògùn àti iṣẹ́ ló ń mú eegun le."

Nírọ̀lẹ́ yìí, Màámi fọwọ́ ara wọn gbé korobá omi rù mí. Wọ́n wá ń tẹ̀ lé mi bọ̀ láti ìdí kànga, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ tó ń kọ́ ìrìn.