Kí N Tó Ka Ẹ̀wá Tán

Abẹ́òkúta, 2006

Màmá mi,

Ara mi yá, mo tiẹ̀ sanra díẹ̀. Dókítà tó ń wo ìbínú mi ní ilé ìwòsàn yìí ní bí inú bá ti ń bí mi, kí n ka ení dé ẹ̀wá kí n tó gbé ọwọ́. Wọ́n bi mí ìdí tí mo fi la ọmọ odó mọ́ ọkọ yín lórí. Ẹ̀yin lẹ sọ fún wọn pé tòmátì jíjẹrà lẹ yọ̀ lé ní Mile 12 tí apá yín fi kán, mi ò sì fẹ́ sọ yín di onírọ́.

Ẹ bá mi kí Ìyá Enoch ní yàrá kejì. Ẹ kí ọkọ yín náà. Ẹ sọ fún un pé oṣù tó ń bọ̀ ni mò ń bọ̀ ní Kétu, mo sì ti kà dé ẹ̀sán.

Ọmọ yín,
Màríyámọ̀