Ẹni Tó Wà Lórí Àga Ló Ni Ọ̀rọ̀

                                        Inú ṣọ́ọ̀bù mi,
                                        Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná àdúgbò,
                                        Ọjọ́rú, oṣù Kẹwàá.

Àbúrò mi Alákọ̀wé, ẹni ọ̀wọ́n,

Báwo ni nǹkan? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé àbíkẹ́yìn ti ń sùn lálẹ́, àbí òun ló ṣì ń ṣọ́ ilé fún yín? Ilé tí ò ń kọ́ ńkọ́, ṣé ó ti fún ọ láyè kí o mí? Iṣẹ́ ọ́fíìsì ńkọ́, ẹ̀yìn tó máa ń dùn ọ́ nítorí àga tó ń yí po yẹn ńkọ́? Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ìjókòó kì í ṣe iṣẹ́ eré. Ìyàwó mi ní kí n kí ọ dáadáa kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú ọ, nítorí ó mọ̀ mí. Ó kí ọ o.

Wàá máa rò ó pé kí ló dé tí ẹ̀gbọ́n rẹ ń kọ̀wé bí ará àtijọ́ nígbà tí fóònù wà. Mo pè ọ́, o ní o wà nípàdé. Mo tún pè ọ́, o ní kí n sọ ọ́ ní ṣókí. Èmi ò mọ ọ̀rọ̀ ìyá ẹni sọ ní ṣókí. Lẹ́tà sàn fún mi. Kò sẹ́ni tó lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ìwé lẹ́nu.

O rántí òfin ṣọ́ọ̀bù mi. Bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́ gbàjámọ̀ ló fi lélẹ̀, pé ẹni tó bá wà lórí àga ló ni ọ̀rọ̀. Ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì, kó mí kanlẹ̀, kó gbọ́, kó dúró di ìgbà tó bá kàn án. Ọgbọ́n wà nínú ẹ̀, torí ẹni tí wọ́n gbé abẹ lé lórí kò gbọ́dọ̀ máa mirí jiyàn. Èmi tí mo ni àga kì í sì í jókòó sórí rẹ̀, nítorí náà láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mi ò ní èrò kankan lórí ohunkóhun. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" àti "ẹ tẹ orí síbí" ni gbogbo òṣèlú tèmi. Ṣùgbọ́n lónìí mo ti ìlẹ̀kùn, mo jókòó sórí àga náà, mo tiẹ̀ so aṣọ ìgẹrun mọ́ ara mi lọ́rùn kó lè pé. Ọ̀rọ̀ ti di tèmi. Ìwọ lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

O mọ ilé ìdáná àdúgbò, àkókù ilé tí wọ́n ń kó páìpù sí nígbà tí a wà ní kékeré. Káńsù tún un ṣe, wọ́n kùn ún, wọ́n gbé ìkòkò ńlá sí i. Lọ́sàn-án, àwọn arúgbó àti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tẹ́nu máa ń wá jẹun níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Owó orí tí àwa oníṣọ́ọ̀bù ń san ni wọ́n fi ń dá iná rẹ̀. Ọdún yìí, káńsù ní oúnjẹ ti wọ́n, wọ́n fẹ́ fi díẹ̀ kún owó orí náà. Tí àdúgbò kò bá fẹ́, kí àdúgbò nawọ́ sókè nípàdé, wọ́n á ti ilé ìdáná pa. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ iléèwé lè lóye ẹ̀ kó tó jẹun tán, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn àgbà ló bọ́ sí.

Oní-sìmẹ́ńtì tó ń tajà lódìkejì wa ni olórí àwọn tó ní kí wọ́n tì í. Kò gun àga mi rí kó má sunkún owó orí. Ó ní ìjọba ti fún òun lọ́rùn. Ọrùn ọ̀hún nìyẹn o, àbúrò mi, tí mo ní láti tú okùn aṣọ ìgẹrun dé ìdí kó tó lè yí i ká. Ó ní tí èèyàn bá bọ́ ọ̀lẹ lónìí, ó di dandan kó mú ẹbí ẹ̀ wá lọ́la. Ó ní ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ló yẹ kó jẹun. Bàbá ẹ̀ ló kó ṣọ́ọ̀bù lé e lọ́wọ́, àwọn alágbàṣe ló ń gbé sìmẹ́ńtì, òun ń gbé ikùn. Ọ̀dà tí káńsù sì tẹ́ dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀ tí ọkọ̀ ẹrù ń gbà wọlé, bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀, wàá rò pé òjò ló rọ̀ ọ́ síbẹ̀.

Tíṣà tó kọ́ èmi àti ìwọ ló wà lápá kejì. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ìfẹ́ tí Tíṣà ní sí àwọn tálákà pọ̀ gan-an, pàápàá àwọn tí wọn ò tíì rí rí. Tí wọ́n bá ti dórí àga, wọ́n á ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè, wọ́n á ní gbèsè àwọn aláìní wà lọ́rùn gbogbo wa, omi á lé ròrò sójú wọn. Tí wọ́n bá sọ̀kalẹ̀ tán, wọ́n á wá ná owó ìgẹrun mọ́ mi lọ́wọ́ bí ẹni ń ra ẹran. Aránbàtà tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà mi kì í dúró mọ́ tó bá ti rí wọn lókèèrè. Wọ́n á bá a sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ títí tí wọ́n á fi gba bàtà lọ láìsanwó. Owó orí tí wọ́n sì ń pariwo pé ká fi kún un yìí, àwọn ò ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn kọ́ ló máa san án.

Wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àwọn méjèèjì yó bámúbámú, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi ráyè wọlé.

Jẹ́ kí n wá sọ ẹni tó ń jẹun nílé ìdáná náà fún ọ, kó tó dé etí rẹ láti ibòmíràn. Ìyá rẹ ni. Má fò sókè. Jókòó. Òwò wọn ti kú láti ìgbà tí orúnkún ti ń dà wọ́n láàmú. Ohun tí ò ń fi ránṣẹ́, nígbà tí o bá rántí, gbogbo ẹ̀ ló ń bá owó ilé lọ. Wọ́n sì ti kìlọ̀ fún mi pé n ò gbọ́dọ̀ dà ọ́ láàmú, pé ò ń kọ́lé. Ìyàwó mi gbé oúnjẹ lọ fún wọn títí, wọ́n ń dá abọ́ padà pẹ̀lú oúnjẹ nínú, pé àwọn ti yó, pé àwọn ò ní di ẹrù lé ọmọ ẹ̀gbọ́n àwọn lórí. Ilé ìdáná ni wọ́n ti rí ọgbọ́n dá sí i. Wọ́n á tètè dé, wọ́n á bá alásè ṣa ẹ̀wà, wọ́n á yọ òkúta kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá gbé àwo tiwọn wá, wọ́n á ní owó iṣẹ́ ni. Tí o bá bi wọ́n níbi tí wọ́n ń lọ, ibi iṣẹ́ ni. Inú mi máa ń dùn tí mo bá ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti inú ṣọ́ọ̀bù mi, àwọn àti àwọn ìyá kan tí wọ́n jọ ń ṣa ẹ̀wà. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn.

Ní Sátidé tó ṣáájú ìpàdé, oní-sìmẹ́ńtì ló wà lórí àga. Mo gẹ orí ẹ̀ dé ààbọ̀ ni iná bá lọ, ẹ̀rọ ìgẹrun bá kú mọ́ mi lọ́wọ́. Apá kan mọ́, apá kan kún bí igbó. Ẹlòmíràn á dákẹ́ nítorí ìtìjú, ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Àga ṣì wà lábẹ́ ẹ̀, ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu ẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ lọ. Tíṣà wà lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wú bí ìyẹ̀fun tí wọ́n pò mọ́ ìwúkàrà. Nígbà tí wọn ò lè mú un mọ́ra mọ́, wọ́n dìde, wọ́n lọ fi ìdí kan lé apá àga, wọ́n ní apá àga náà àga ni, àwọn náà lọ́rọ̀. Bí àwọn méjèèjì ṣe há sórí àga kan nìyẹn, wọ́n ń da itọ́ síra wọn lójú nítorí àwọn tálákà.

Àsìkò yẹn ni Màmá wọlé láti gbọ́ ohùn rẹ tí o máa ń gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní gbogbo Sátidé. Tíṣà kí wọn, oní-sìmẹ́ńtì kí wọn. Ẹrù Tíṣà ló gba bẹ́ǹṣì, kò sì sẹ́ni tó rántí gbé e. Kí n tó nu ọwọ́ mi kí n gbé e kúrò, Màmá ti fara ti ìlẹ̀kùn, wọ́n ní kí n má yọra mi lẹ́nu.

Ni fóònù bá dún, tí ohùn rẹ dé. Oní-sìmẹ́ńtì ní kí n ṣí i sókè kí gbogbo wa gbọ́, pé ọmọ tó mọ̀wé ni, kó bá wa dá sí i. Mo rò pé ìyá rẹ lo fẹ́ kí, mo bá tẹ̀ ẹ́. Ẹyin lohùn, àbúrò mi. O rántí ohun tí o sọ sí ọ̀rọ̀ ilé ìdáná tí mo ti fi tó ọ létí? Mo ti gbọ́ ọ ní àgbọ́túngbọ́, mo ti mọ̀ ọ́n lórí. O ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n ti ilé yẹn pa jàre. Ìyá mi nìkan ló tọ́ mi. Kò jẹ ọ̀fẹ́ rí, kò nawọ́ sẹ́nì kankan rí. Ẹni tó bá ń lọ jókòó ti àwo níbẹ̀, kò lójútì." Oní-sìmẹ́ńtì pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú orí ẹ̀ tí mo gẹ dé ààbọ̀. Ó yíjú sí ìyá rẹ, ó ní, "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ ti bí èèyàn." Màmá ní o ṣé. Wọ́n ní kí n tún un tẹ̀, mo tún un tẹ̀, wọ́n sì lọ sílé.

Ní ọjọ́ ìpàdé, gbọ̀ngàn iléèwé kún. Òṣìṣẹ́ káńsù ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n tì í nawọ́ sókè. Tíṣà ti múra ọ̀rọ̀ tó máa mi ilé tìtì, ṣùgbọ́n wọ́n pàdé ẹnì kan lẹ́yìn fèrèsé tó jiyàn pẹ̀lú wọn, nígbà tí wọ́n máa fi borí ẹ̀ wọlé, káńsù ti ka ọwọ́ tán. Oní-sìmẹ́ńtì na tiẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ọwọ́ ìyá rẹ. Mo rò pé wọ́n ṣi ìbéèrè gbọ́ ni. Mo ṣẹ́jú sí wọn, mo mirí. Wọ́n tún ọwọ́ náà nà, ó gùn sí i. Nígbà tí wọ́n pe àwọn tó fẹ́ kó wà, mo na tèmi, ìgbà àkọ́kọ́ tí ayé máa mọ̀ pé mo ní èrò nìyẹn. Oní-sìmẹ́ńtì wò mí bí ẹni tí abẹ mi gé létí, ó sì ti ń wá ẹlòmíràn tó máa gẹ orí ẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún ọ pé ọwọ́ ìyá rẹ ló ti ilé ìdáná pa. Ọwọ́ pọ̀ níbẹ̀. Ìparí oṣù ni wọ́n máa kó ìkòkò jáde.

Mo sin wọ́n délé. Inú ń bí mi, mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní, "Ìwọ náà gbọ́ ohun tí ọmọ mi wí. Ó ti sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé mi ò jẹ ọ̀fẹ́ rí. Ṣé kí n wá nawọ́ pé kí wọ́n má tì í, kí wọ́n lè máa sọ pé ó purọ́? Ọmọ tèmi kì í purọ́."

Mo ṣílẹ̀kùn fún wọn, mo padà sílé. 

Lónìí mo yọjú wo ilé ìdáná. Wọ́n wà níbẹ̀. Wọ́n ti ṣa ẹ̀wà tán, wọ́n ń gbọn ìdọ̀tí kúrò lára ìró wọn. Alásè gbé àwo wá. Wọ́n ní àwọn ti yó. Ó bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní àwọn ti yó. Ó sọ fún mi pé bí wọ́n ṣe ń ṣe láti ọjọ́ ìpàdé nìyẹn, wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọn ò jẹun. Nítorí náà, fọkàn balẹ̀, Alákọ̀wé. Ọ̀rọ̀ tí o sọ ti di òótọ́. Ìyá rẹ kì í jẹ ọ̀fẹ́.

Bá mi kí ìyàwó, kí o sì bá mi gbé àwọn ọmọ jó. Aránbàtà ní kí n kí ọ. Má fi ohùn ránṣẹ́ o, fóònù mi kò ní gbà á. Mo ti tú aṣọ ìgẹrun, mo ti sọ̀kalẹ̀. Àga ṣófo. Ìwọ ló kàn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè jókòó sórí ẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

                                        Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń retí rẹ,
                                        Onígbàjámọ̀.