Bí Yúróòpù Bá Wó, Ta Ni Yóò Bá Wa Wá Bùọ̀dá Simeon?

                                                            Ìsọ̀ Àlájì Oyètúndé Onífíríìjì,
                                                            Ọ̀nà Ẹ̀jìrín,
                                                            Ìjẹ̀bú-Òde,
                                                            Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                                            Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kọkànlá, 2025.

Mùhámmẹ́d, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, àbúrò Àǹtí Mardiyah,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara le? Ṣé ilé ìwé ń lọ déédéé? Ẹ̀wà tí wọ́n ń tà fún yín ní Ìlarò ńkọ́, ṣé ó ti ń jinná báyìí, àbí ẹ ṣì ń fi eyín pa á bí ẹní ń pa ẹ̀kùrọ́? Mo yà nílé yín lánàá. Ara Màmá rẹ dá ṣáṣá, ẹsẹ̀ tó ń dun Bàbá rẹ ti ń fúyẹ́, Rodiat àbúrò rẹ sì ti ga jù mí lọ, ó wá ń wò mí nísàlẹ̀ bí ẹni ń wo adìyẹ. Gbogbo wọn ní kí n kí ọ.

Mo mọ̀ pé ẹnu á yà ọ́ pé èmi Bọ́dúnrìn, tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ ní SS 2, ni mo jókòó ti bébà tí mo ń jẹ ìdí bírò. Màmá mi ti gba fóònù mi láti oṣù kẹta. Ká tiẹ̀ ní fóònù wà lọ́wọ́ mi, tí mo bá pè ọ́, ṣé wàá gbà pé èmi ni? Ìwọ tí mo fi ohùn bàbá rẹ pè lọ́dún tó kọjá pé kó o fa ewúrẹ́ wá sí mọ́ṣáláṣí, tó o sì fà á dé iwájú Lèmọ́mù! Ohùn lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ìkọ̀wé mi burú tó bẹ́ẹ̀ tí kò sẹ́ni tó lè jí i lò. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́. Kò sí eré nínú ohun tó o fẹ́ kà yìí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́.

Bùọ̀dá Simeon ti sọnù sí Jámánì. O rántí wọn dáadáa, àbúrò màmá mi, àwọn tó fi ojúlówó bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí wa nígbà tá a wà ní pámárì. Ọ̀sẹ̀ méje rè é tí a kò gbúròó wọn, èmi ni mo sì dá a sílẹ̀. Mo fẹ́ kí Àǹtí Mardiyah tó wà lókè òkun lọ́hùn-ún bá wa wá wọn. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ rò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, kó o má baà gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń fi iyọ̀ sí i.

O mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Àlájì Oyètúndé ni mo ti ń kọ́ iṣẹ́ fíríìjì. Tòkunbọ̀ Yúróòpù ni wọ́n ń tà. Iwájú ìsọ̀ wa ni àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì máa ń jókòó sí ka ìwé ìròyìn, láti ọdún tó kọjá ẹjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń dá níbẹ̀: ṣé ọrọ̀ ajé Yúróòpù fẹ́ dẹnu kọlẹ̀ ni, àbí kò ní dẹnu kọlẹ̀? Bí wọ́n ṣe ń gbóná sí i, o ó rò pé ẹ̀yìn Ayépé nítòsí wa níbí ni Yúróòpù wà.

Inú fíríìjì ni Àlájì ti ń ka ìròyìn tiwọn. Bí wọ́n bá ti já ẹrù tuntun, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì kan, wọ́n á ti orí bọ̀ ọ́, wọ́n á fa imú, wọ́n á wá yọrí bí adájọ́: “Ẹ wá wò ó! Láyé àtijọ́, bí gílóòbù inú ẹ̀ bá ti jó báyìí, Òyìnbó á gbé e síta. A tiẹ̀ máa ń bá bọ́tà nínú ẹ̀! Ní báyìí ńkọ́? Wọ́n á lò ó títí rọ́bà ẹnu ẹ̀ á fi já, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, wọ́n á tún lò ó. Wọ́n lá bọ́tà, wọ́n lá fíríìjì! Ẹni tí kò rí nǹkan jù nù mọ́, ebi ló ń pa á. Yúróòpù ti lọ!”

Ta ló máa dá wọn lóhùn bí kò ṣe Tíṣà Mọ́ṣádé ará Ìjẹ̀bú-Imusin, tó kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé kó tó fẹ̀yìn tì. Tíṣà á fa gíláàsì wálẹ̀ sórí imú. “Àlájì, àkìtàn kọ́ ni wọ́n fi ń wọn ọrọ̀ ajé. Gáàsì ló gbówó lórí nígbà tí ogun Rọ́ṣíà bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ Ṣáínà ń gba ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́. Arúgbó wọn ń pọ̀ sí i, ọmọ wọn ń dín kù. Òjòjò ni. Ẹni tó ń ṣòjòjò kọ́ là ń gbẹ́ sàréè fún.”

Àlájì á pàtẹ́wọ́. “Ìwọ Tíṣà! Owó ìfẹ̀yìntì rẹ dà? Nàìjíríà wó lé ọ lórí, o ò rí i, Yúróòpù lò ń bá gbé òpó!” Ẹ̀rín á sọ.

Ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta, Tíṣà ń borí. Èmi náà dá sí i, mo ní lójú tèmi, Àlájì ló jàre. Tíṣà yíjú sí mi níwájú gbogbo wọn. “Ẹ dákẹ́, ẹ dákẹ́, Pùròfẹ́sọ̀ Fíríìjì fẹ́ sọ̀rọ̀! Ọmọ tí mo kọ́ fún ọdún méjì gbáko tó gba máàkì mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, òun náà ló ń yẹ Yúróòpù wò!” Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àlájì tí mo gbè lẹ́yìn, àwọn ló rín in pẹ́ jù. Mùhámmẹ́d, ẹ̀rín yẹn wọ̀ mí léegun.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ti orí bọ fírísà ńlá kan tó ṣófo, torí ohùn inú ẹ̀ máa ń jìn bí ohùn ẹni tó wà lókè òkun. Mo fi ohùn Bùọ̀dá Simeon sọ̀rọ̀ sínú fóònù. O mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe: wọ́n á wúkọ́ díẹ̀, wọ́n á fa ọ̀rọ̀ bí ẹní ń fa omi kànga, wọ́n á wá fi “yáà” àwọn ará Jámánì dé e lórí. Mo ní: “Ẹ kú ilé o, yáà. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ wa ti kógbá sílé. Gbogbo wa ni wọ́n lé. Yúróòpù ti tán, yáà. Mo ń bọ̀ nílé.” Mo fi ránṣẹ́ sí Àlájì, mo ní Bùọ̀dá ló fi ránṣẹ́ sí mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àlájì ṣí ohùn náà sókè ketekete níwájú ìsọ̀. Tíṣà Mọ́ṣádé ká ìwé ìròyìn, wọ́n gba ilé lọ láìdágbére. Àlájì ra Fáńtà fún gbogbo wa. Mo mu méjì. Kí n tó mu ìkejì tán, ohùn yẹn ti dé orí Wásáàpù màmá mi. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti dé Ìbẹfun, etí ìyá tó bí màmá mi tó bí Bùọ̀dá Simeon. Ọjọ́ méjì ni Màmá Ìbẹfun kò fi fẹnu kan oúnjẹ.

Lọ́jọ́ kẹta, Bùọ̀dá Simeon fúnra wọn pè láti ibi iṣẹ́. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n, kò sì sẹ́ni tó lé wọn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tí mo ṣe, ńṣe ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ohùn àwọn tiẹ̀ dùn lẹ́nu mi ju lẹ́nu àwọn lọ. Àwọn nìkan ló rẹ́rìn-ín. Màmá mi nà mí títí pankẹ́rẹ́ fi ṣẹ́. Màmá Ìbẹfun wá ṣòfin lé e: láti ọjọ́ yẹn lọ, bí nọ́ńbà àjèjì kan bá pè tó ní òun ni Simeon, àfi kó ki oríkì bàbá ẹ̀ délẹ̀ kí àwọn tó dá a lóhùn. Gbogbo ilé ní òfin náà dára. Kò sẹ́ni tó rántí pé ilé míṣọ́nnì ni wọ́n ti tọ́ Bùọ̀dá dàgbà, pé wọ́n sì ti lo ọdún mẹ́rìnlá níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti ki èèyàn ní oríkì. Èmi òpùrọ́ tí wọ́n torí mi ṣòfin ni mo mọ̀ ọ́n látòkè délẹ̀. Ẹnu Màmá náà ni mo ti kọ́ ọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó gbẹ̀yìn oṣù kẹsàn-án, Ìbẹfun ni mo wà, màmá mi ló rán mi lọ. Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà tí mo ń fa omi, Màmá kò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ti dé. Mo gbọ́ tí wọ́n ń fi orúkọ mi búni lórí fóònù. Mo ní lọ́kàn mi pé, áà, ó dáa, ẹlòmíràn ló ṣeré lónìí tí wọ́n ń torí ẹ̀ bú mi. Mo dúró gbọ́, Mùhámmẹ́d. Mo dúró, mo ń gbádùn ẹ̀.

“Ó dáa, ki í kí n gbọ́. Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ̀n-ẹ́n. Ó parí síbẹ̀? Bọ́dúnrìn, ó mà ti tán lẹ́nu ẹ! O tún ti kọ́ ẹkún mọ́ ọn? Ẹkún yìí dára o, ó jọ tiẹ̀ gan-an. Lọ sọ fún Yúróòpù ẹ kó wó lé ọ lórí!” Wọ́n pa fóònù.

Mo gbé garawa lérí, mo wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín. Màmá wo ojú mi. Wọ́n wo garawa. Wọ́n wo fóònù ọwọ́ wọn.

“Bọ́dúnrìn?”

“Mà.”

“Ìwọ kọ́?”

“Èmi kọ́, Màmá. Ìdí kànga ni mo wà.”

Mo ti rí àgbàlagbà tó ṣubú rí, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹni tó ṣubú láìkúrò lórí àga, àfi ọjọ́ yẹn.

Ìgbà tó yá ni wọ́n tó lè ro ohun tí ohùn náà sọ. Ilé iṣẹ́ Bùọ̀dá ti tì lóòótọ́ láti oṣù keje. Ojú ń tì wọ́n ni wọn kò fi sọ fún wa. Wọn kò rí owó ilé san mọ́, fóònù tiwọn ti kú, fóònù obìnrin tó fún wọn níbi sùn fún ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n yá. Wọ́n bèèrè bóyá yàrá àwọn ní Ìbẹfun ṣì wà, bóyá Màmá á ṣílẹ̀kùn tí àwọn bá dé lọ́wọ́ òfìfo. Èsì tí Màmá fún wọn, o ti kà á.

A pe nọ́ńbà náà padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò lọ. Ọjọ́ kejì ló lọ. Obìnrin kan gbé e, ó sọ Jámánì, ó sì pa á. Láti ìgbà náà, kò gbé e mọ́. Mo lè sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ fún ọ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, tòun ti bó ṣe mí kanlẹ̀: “éa ísì níìṣì méa hía.” Wò ó, ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fún mi nìyẹn. Mo lè sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, mi ò sì mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Mo gbé ìròyìn náà dé ìsọ̀. Ohun tó bí mi nínú jù nínú gbogbo ẹ̀ nìyí. Àlájì Oyètúndé lu itan: “Ṣé mo sọ àbí mi ò sọ? Yúróòpù ti wó!” Tíṣà Mọ́ṣádé ní: “Ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo kì í ṣe Yúróòpù. Wọ́n á dìde.” Báyìí ni wọ́n ṣe gbà á bí bọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń gbá Bùọ̀dá Simeon síra wọn títí di ìrọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó bèèrè ibi tí wọ́n ń sùn. Àwọn ẹgbẹ́ wọn nílé, tó máa ń pè wọ́n lọ́dọọdún tí Ojúde Ọba bá ti ń sún mọ́lé nítorí aṣọ ẹgbẹ́, ńṣe ni wọ́n ń sọ pé kí ló ti ń ṣe níbẹ̀ láti ọdún mẹ́rìnlá tí kò kọ́lé. Yúróòpù wó ni o, kò wó ni o, iná ṣì ń tàn níbẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tí a ní lábẹ́ ẹ̀ la ò rí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá mi wá bá mi ní ìsọ̀. Wọn ò wo ojú mi. Wọ́n ní Màmá Ìbẹfun kì í sùn mọ́, wọ́n ní wọ́n kàn ń di fóònù mú. Wọ́n wá sọ ọ́ wẹ́rẹ́: “Bọ́dúnrìn, ṣé ohùn yẹn ṣì wà lẹ́nu ẹ?” Àwọn tó ṣẹ́ pankẹ́rẹ́ mọ́ mi lára torí ohùn kan náà! Ó wà lẹ́nu mi, Mùhámmẹ́d. Oríkì náà wà níbẹ̀ délẹ̀. Bí mo bá pe Màmá lónìí, wọ́n á gbà, wọ́n á sùn. Mo ní mi ò ṣe. Bí Màmá bá sùn, kò sẹ́ni tó máa wá Bùọ̀dá mọ́.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún rè é. O sọ fún mi pé ọkọ̀ ojú irin ló gbé Àǹtí Mardiyah lọ sí Dortmund rí láti ibi tí wọ́n ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, pé kò jìnnà. Dortmund ni Bùọ̀dá wà. Mo lẹ àdírẹ́sì tó wà lẹ́yìn káàdì Kérésì wọn mọ́ bébà yìí, pẹ̀lú nọ́ńbà obìnrin náà. Kí Àǹtí bá mi bi í ohun tó sọ fún wa lọ́jọ́ yẹn. Kí wọ́n yà sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ọmọ Nàìjíríà tó bá wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá rí Bùọ̀dá Simeon, kí wọ́n sọ fún wọn pé Màmá ti gbá yàrá náà, pé ilẹ̀kùn ẹ̀ wà ní ṣíṣí tọ̀sán-tòru. Kí wọ́n sọ fún wọn pé Màmá ní kò sí oríkì tí ẹnikẹ́ni máa bi wọ́n mọ́. Màmá ní àwọn ló yẹ kó mọ ẹkún ọmọ tí àwọn bí.

Bá mi kí àwọn ará yàrá rẹ, pàápàá Ṣọlá tó máa ń hanrun. Ọlọ́run á jẹ́ kó o ṣe é yọrí. Tó o bá ka ìwé yìí tán, má ránṣẹ́ sí mi láti bèèrè bóyá òótọ́ ni. Àǹtí Mardiyah ni kó o pè.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, tí kò rí ẹni gbà á gbọ́ mọ́ àfi ìwọ,

Bọ́dúnrìn.