Orin Yín Tí Mo Fi Orúkọ Mi Sí

Bàbá mi, ẹni tí mo ṣì ń bẹ̀rù,

Orin tí ẹ fi jìtá ṣe lọ́dún tí ẹ bí mi, mo ti jẹ́ kí ayé gbà pé èmi ni mo ṣe é. Ó di ọdún mẹ́ta tí mo ti fẹ́ jẹ́wọ́. Màá dé ojú oórì yín, màá tu koríko, màá sì padà sílé láìsọ nǹkan kan.

Mi ò kúkú gbèrò rẹ̀. Níbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ní àdúgbò Trans-Ekulu ni. Ẹ ti kọ́ mi pé kí n tó fọwọ́ kan okùn, kí n kọ́kọ́ dárúkọ ẹni tó ni orin. Lọ́jọ́ náà tí mo fi jìtá kọ orin yín, mo gbàgbé. Ìgbà tí pásítọ̀ wá ní kí ìjọ pàtẹ́wọ́ fún èmi tí mo ṣe irú orin bẹ́ẹ̀, mo tẹrí ba. Bàbá, mo tẹrí ba o!

Ṣé ẹ rántí rẹ́kọ́ọ̀dù méjì ọjọ́ Sátidé? Ẹ ó kọ́kọ́ fi ti àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà yẹn sí i, òun àti jìtá rẹ̀ nìkan, tó ń kọ búlúùsì bí ẹni tí ń dá sunkún. Lẹ́yìn náà, ti àwọn ọmọ òyìnbó Lọ́ńdọ̀nù: orin kan náà, ṣùgbọ́n jìtá oníná ń ké, ìlù ń sán bí ààrá. Ẹ máa ń jó sí méjèèjì. Ó hàn pé orin bàbá yẹn wọ àwọn ọmọ náà lára, òun ni wọ́n sì fi kọ́ rọ́ọ̀kì wọn. Àmọ́ bí ẹ bá rí i pé orúkọ ara wọn ni wọ́n tẹ̀ sí orin olórin, ojú yín á le, ẹ ó mú báírò pupa, ẹ ó kọ orúkọ ẹni tó ni ín sára páálí.

Nkechi, ọmọ mi tí ẹ máa ń pọ̀n, ti di oníjìtá báyìí. Rọ́ọ̀kì òyìnbó ló ń gbọ́ ṣáá. Èmi náà ṣe bí ọlọ́gbọ́n, mo sọ ìtàn rẹ́kọ́ọ̀dù yín fún un. Yorùbá ẹnu rẹ̀ kò pọ̀, èdè ìyá rẹ̀ ló ń sọ jù, ṣùgbọ́n èyí já geere: “Dádì, olè ni wọ́n o! Wọn ò tiẹ̀ ní ìtìjú?”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo yára yí ọ̀rọ̀ padà.

Lọ́la ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ lọ gba orin yín sílẹ̀ ní sítúdíò. Orúkọ mi ló ti kọ sí i. Bọ̀dá Okey tó máa ń ta jìtá báàsì fún ẹgbẹ́ yín sì ṣì wà ní Ngwo, etí rẹ̀ mú ṣáṣá; bó bá gbọ́ orin náà, á mọ̀ pé tiyín ni. Bí fóònù bá dún ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣe, màá rò pé òun ni, irin gbígbóná tí mo fi ń lẹ wáyà á bọ́ lọ́wọ́ mi.

Síbẹ̀, ojú ọmọ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bí kò bá wò mí bíi bàbá mọ́ ńkọ́? Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ ti kọ̀ mí lọ́mọ?

Lọ́la, kí ó tó gbé jìtá rẹ̀ kọ́ èjìká, màá ní kó jókòó, màá sì sọ fún un pé bàbá rẹ̀ náà wà nínú àwọn olè tó ń bú. Bí ó bá ṣì fẹ́ bá mi rìn, a ó jọ gun òkè lọ sí Ngwo, kí n lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bọ̀dá Okey.

Èmi ni,
ọmọ yín tí àyà rẹ̀ ń já, tó fẹ́ràn yín dọ́ba.