Wáyà Láàárín Táyé àti Kẹ́hìndé

Ọjọ́rú, 19 oṣù kẹfà, 2024
Kẹ́hìndé dé láti Ìlọrin. Ó rù. Kò jẹun. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń kú lọ — ojú rẹ̀ ń ṣú, ihò tí wọ́n ń ki fúláàṣì bọ ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Inú rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ máṣítà rẹ̀ wà: fọ́tò àti ohùn àwọn ìyá arúgbó láti Ìjàrà-Ìsin dé Òkè-Ọdẹ. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni yóò dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Òmù-Àrán! Ìgbín yá jù ú lọ.

Ọjọ́bọ̀, 20
Mo pe Táyé ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò rẹ̀ ní Òkè-Ọdẹ. N kò sọ fún Kẹ́hìndé. Láti ọjọ́ ìrántí bàbá wọn, àwọn ìbejì mi ò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ náà, Táyé pẹ́ dé, a ti ń palẹ̀ àwo mọ́, Kẹ́hìndé kí i lójú ẹbí pé, “Ẹ káàbọ̀, àlejò.” Ó gún un dé eegun. Ọmọ tó jọ sùn nínú ikùn kan!
Lórí fóònù, Táyé ní, “Mò ń bọ̀, Màmá. Nítorí tiyín ni o.”

Ọjọ́ Ẹtì, 21
Ó dé. Ó mú wáyà búlúù kan wá, ó gùn bí okùn ìsáṣọ. Ó ní ká ki orí kan bọ kọ̀ǹpútà òun, ká ki èkejì bọ ti “ẹni yẹn”, iṣẹ́ á kọjá láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹni yẹn! Òun wà ní yàrá, Kẹ́hìndé wà ní pálọ̀, èmi ń rìn láàárín.
“Màmá, ẹ sọ fún un kó fún tirẹ̀ ní nọ́ńbà.”
“Màmá, ẹ sọ fún un pé mo ti mọ̀.”
Orúnkún mi! Iná kékeré ń ṣẹ́jú lẹ́bàá wáyà, nǹkan kan ò kọjá.

Àbámẹ́ta, 22
Kò ṣiṣẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà Kẹ́hìndé ti ṣú dé ìdajì. Mo gbààwẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 23
Ògo!
Lẹ́yìn ìsìn mo gbé ẹ̀wà lọ fún Táyé. Nọ́ńbà gígùn kan wà lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó parí sí 1. Mo bi í. Ó ní bíi nọ́ńbà ilé ni: kí méjèèjì wà ládùúgbò kan, kí nọ́ńbà ilé wọn má jọra. Kí ló dé tó fi mú 1? “Ta ló kọ́kọ́ wá sáyé, Màmá?”
Mo gbé ti Kẹ́hìndé lọ sí pálọ̀. Mo yọjú wo kọ̀ǹpútà rẹ̀ — 1!
“Èmi kọ́ ni ẹ̀gbọ́n ni? Ta ló rán an pé kó lọ tọ́ ayé wò?”
Kọ̀ǹpútà ń kígbe pé ilé náà ti ní onílé, kálukú wọn ń retí kí èkejì kó jáde! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Mo pè wọ́n jáde. Mo ní èmi tí mo gbé ẹ̀yin méjèèjì pọ̀, èmi ni 1 nínú ilé yìí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ bá èkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó mú 2.
Wọ́n wo ara wọn. Lẹ́yìn náà, “Má bínú” — ẹnu méjì, lẹ́ẹ̀kan náà.
Kẹ́hìndé ní, “Gba 2, àbúrò mi.”
“Àbúrò ta ni? Ṣebí àlejò ni mí!” Táyé ti ń rẹ́rìn-ín. Kẹ́hìndé ọmọbìnrin mi fi aṣọ ìnuwọ́ nà án.
Táyé tẹ 2, Kẹ́hìndé tẹ 3. Kò pẹ́ — ìyá arúgbó Ìjàrà-Ìsin kan bẹ̀rẹ̀ sí kọrin nínú kọ̀ǹpútà Táyé. Mo fò sókè, torúnkún torúnkún.

Ọjọ́ Ajé, 24
Kọ̀ǹpútà Kẹ́hìndé kú láàárọ̀ yìí. Ó ti pẹ́ jù, iṣẹ́ ti kọjá. Táyé gbé tirẹ̀ lé Kẹ́hìndé lọ́wọ́, ó padà sí Òkè-Ọdẹ lọ́wọ́ òfo. Kò ráhùn.

Ọjọ́rú, 26
N kò lè jẹun. Kí ló dé tí Kẹ́hìndé ò pè láti Ìlọrin?
Àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé: “Màmá, mo yege!” Mo kígbe tí adìẹ fi sá. Mo pè é — ó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Mo pe Táyé kí n sọ fún un — òun náà ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Mo tún pe Kẹ́hìndé. Mo tún pe Táyé. Ta ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ tí kò tán —
Háà.
Mo gbé fóònù kalẹ̀. Kí wọ́n máa sọ ọ́ lọ. Nọ́ńbà kìíní lè dúró.