Ojúgun Tó Ń Ro Ọ́ Yẹn

                                        14, Òpópónà Ìtùnú,
                                        Olúyọ̀lé, Ìbàdàn.
                                        Ọjọ́ kẹjọ, Oṣù Kẹfà, 2024.

Zùwáírátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Alhaji Sàlàkọ́ ńkọ́, ṣé ara wọn le? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá àgbà ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá rédíò jà? Mo mọ̀ pé ẹ ti ń múra Iléyá. Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o, Ọlọ́run yóò jẹ́ ká ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Níbí, gbogbo wa wà ní àlàáfíà. Ọ̀gbẹ́ni mi ní kí n bi ọ́ bóyá àwọn àgbò Ìjẹ̀bú-Òde ti gbọ́ pé o ti di eléré ìje, kí wọ́n lè mọ bí wọn yóò ṣe sá. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú, mo sì rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú mi. Zùwáírátù yìí náà! Ìwọ tí inú máa ń run ní gbogbo ọjọ́ eré ìdárayá nígbà tí a wà ní girama, ìwọ lo ń sáré ojoojúmọ́ báyìí nítorí eré kìlómítà márùn-ún tí àwọn òṣìṣẹ́ ibi iṣẹ́ yín fẹ́ sá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ojúgun ti ń ro ọ́, o sì ní wàá fi róòbù pa á, wàá máa bá a lọ. Nígbà tí o wá sọ pé, "Ìrora lásán ni, yóò lọ," ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Gbólóhùn yẹn gan-an ni èmi náà sọ fún ọmọ mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà. Bí mo bá fi ohùn ránṣẹ́, ìdajì ni wàá gbọ́, wàá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára.

O mọ Ìṣọ́raolúwa, àbígbẹ̀yìn mi. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, eré ẹgbẹ̀rin mítà ló sì ń sá fún ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ní oṣù Kìíní, wọ́n mú un mọ́ àwọn tí yóò díje ní oṣù Kẹta, kí wọ́n lè yan àwọn tí yóò ṣojú ìpínlẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo ròyìn fún gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì, títí kan ẹni tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu géètì. Kóòṣì wọn fi kún ìdánrawò wọn lójijì, láti ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ sí mẹ́fà. Orí ọ̀dà ni wọ́n sì ti ń sá a, nítorí pé wọ́n ń tún pápá ṣe.

Kò pẹ́ tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ojúgun òun ń ro òun. Mo ní ọ̀lẹ ni. Mo ní ẹsẹ̀ lásán ni èmi fi ń sáré láyé ìgbà tiwa, mo sì máa ń gba ipò kìíní. (Jọ̀ọ́, má dá mi lóhùn. Mo mọ̀ pé o wà níbẹ̀.) Ó wò mí, kò sọ nǹkan kan mọ́. Mo rò pé ó ti sàn ni.

Kí n lè fi hàn án pé kò sí ohun tó le nínú eré, mo ní èmi náà yóò máa bá a sá a láàárọ̀. Bàtà kánfáàsì tí mo ti ń wọ̀ láti ìgbà tí mo lóyún rẹ̀ ni mo kì bọ ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní gan-an, a sáré láti ẹnu ẹ̀stéètì dé Ring Road, a sì padà. Lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Mi ò sinmi lọ́jọ́ kan. Àwọn awakọ̀ tó ń lọ sí Challenge ń fọn fèrè fún mi, wọ́n ń kígbe, "Mọ́mì, ẹ tẹ̀ ẹ́!" Orí mi sì ń wú.

Ọjọ́ kọkànlá ni ojú mi já a. Láti òkè ọrùn ẹsẹ̀ títí dé ìdajì ojúgun, lápá inú, ẹsẹ̀ mi méjèèjì ń ta mí bí ẹni fi ata ra ọgbẹ́. Nílé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣe olùkọ́, ẹ̀gbẹ́ ni mo fi sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn bí akàn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí pé, "Mà, ṣé ẹ ṣubú ni?" Mo ní kó lọ parí iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀. Ṣé o rò pé mo sọ fún Ìṣọ́raolúwa? Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́?

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo tètè dé láti ibi iṣẹ́. Mo yọ́ wọ kíṣìnnì lọ wá omi inú ọ̀rá tó ti dì nínú fìríìsà, kí n lọ gbé e lé ẹsẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Mi ò bá ẹyọ kan níbẹ̀. Bí mo ṣe yíjú, mo rí ọmọ mi lórí ilẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó na ẹsẹ̀, ó to omi dídì mẹ́rin lé ojúgun rẹ̀, omijé sì ń ṣàn lójú rẹ̀ láìsí ariwo.

"Mọ́mì, ẹ má bínú." Ohun tó kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Zùwáírátù, ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn ló ń bẹ̀ mí.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo ti sọ fún yín. Ní báyìí, bí mo bá jókòó pàápàá, ó ṣì ń ro mí."

"Kí ló dé tí o ò tún sọ?"

"Mo sọ, mà. Ẹ ní ọ̀lẹ ni mí."

Ó nu ojú, ó wo bí mo ṣe dúró, ó ní, "Mọ́mì, kí lẹ wá mú nínú fìríìsà?" Mo jókòó tì í, mo gba méjì nínú omi dídì náà, mo gbé e lé ojúgun tèmi. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ojú mi, àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni èmi wá sunkún.

Lọ́jọ́ Ajé, a lọ sí Onírèké, sọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Prosper tó ń tọ́jú iṣan àti eegun àwọn eléré ìdárayá. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun mi láti òkè dé ìsàlẹ̀, gbogbo ibẹ̀ ló ń dùn mí. Ó ní ibi tí iṣan so mọ́ eegun ló ń bínú, nítorí pé mo di ẹrù tí kò rù rí lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbé bàtà mi, ó bi mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Mà, ọdún wo lẹ ra èyí?" Nígbà tí mo dá a lóhùn, ó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé òkú.

Ó wá kan Ìṣọ́raolúwa. Ojú ibì kan péré, tí kò ju ojú kọ́bọ̀ lọ, ló tẹ̀ tí ọmọ fi lọgun. Ẹ̀rín kúrò lójú Ọ̀gbẹ́ni Prosper. Ó ní òun kò fẹ́ràn ìrora tó bá dúró sójú kan, tó sì ń roni lórí ìjókòó, pé ó lè jẹ́ pé eegun ti fẹ́ sán. Ó kọ̀wé fún wa lọ sí ilé ìwòsàn. Ọjọ́ mẹ́ta la fi retí èsì àyẹ̀wò. Nígbà tó jáde, eegun kò tíì sán, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀. Dókítà ní kò gbọdọ̀ sáré fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìdíje sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ ìdíje, ó ní òun fẹ́ lọ wo Peculiar, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó pariwo fún un títí ohùn rẹ̀ fi há. Wọ́n mú Peculiar. Bí a ṣe ń bọ̀, nígbà tí a dé Challenge, ó ní, "Mọ́mì, ká ní ẹ gbà mí gbọ́ nígbà yẹn, bóyá ọ̀sẹ̀ méjì ni ǹ bá fi sinmi." Mo ní, "Òótọ́ ni. Mo jẹ̀bi rẹ. Dárí jì mí." Ó di ọwọ́ mi mú. Mi ò lè gbàgbé ìrìn àjò yẹn.

Nítorí náà, ìwọ màmá eléré, sinmi! Fi eré sílẹ̀ títí wàá fi lè rìn láìsí ìrora. Fi aṣọ wé omi dídì, gbé e lé ojúgun fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí o sì tọ́jú róòbù rẹ de ọ̀fìnkìn. Má lo oògùn ìrora kí o lè sáré, nítorí pé ṣe lo kàn ń pa ẹnu ẹsẹ̀ mọ́. Ra bàtà eré gidi, kì í ṣe èyí tí àwọ̀ rẹ̀ bá híjáàbù mu. Nígbà tí o bá padà sídìí eré, sáré ìṣẹ́jú kan, fi méjì rìn, lórí koríko tàbí iyẹ̀pẹ̀, kí o máa gbé ìṣísẹ̀ kúkúrú, kí o sì máa fi ọjọ́ kan sinmi láàárín. Díẹ̀díẹ̀ ni kí o máa fi kún un. Bí o bá ń dúró de ìrẹsì lórí iná, máa fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró, kí o gbé gìgísẹ̀ sókè sódò, kí iṣan ẹsẹ̀ rẹ lè lágbára. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ojú kan ló ń dùn ọ́, tàbí tó wú, tàbí tó ń ro ọ́ lórí ìjókòó, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí o gbà lọ. Má ṣe bí alágídí.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, èmi àti Ìṣọ́raolúwa wà lórí pápá oníkoríko nítòsí ilé. Oṣù kan ti kọjá tó ti ń sáré padà, ó sì ń fò fẹ́ẹ́ níwájú mi. Ní ìṣẹ́jú kẹẹ̀ẹ́dógún, ó dúró, ó ní, "Ó tó, Mọ́mì. Ó ti fẹ́ máa ta mí díẹ̀." Ọ̀rọ̀ gun ètè mi pé kó sá yípo kan sí i. Mo gbé e mì, mo ní, "Ó tó náà," a sì jọ rìn wálé.

Bá mi kí Alhaji, bá mi kí ìyá àgbà, kí o sì fọwọ́ pa orí àwọn ọmọ fún mi. Jẹ́ kí n gbọ́ bí ẹsẹ̀ ṣe ń ṣe sí.

Ọ̀rẹ́ rẹ tó fẹ́ràn rẹ pẹ̀lú gbogbo agídí rẹ,
Fadékẹ́mi.